Àmín Tí Mi Ò Ṣe

Kétu tó wà ní òdìkejì bọ́dà ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì tíì rí ìlú tó ń fi ìran Odùduwà yangàn tó Kétu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo wọ Ìbàdàn ni mo di ará Kútọnu. Mo ní rárá, ọmọ Kétu ni mí, Yorùbá ni wá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ní Dùgbẹ̀ mi orí pé òun gbọ́, ó wá ń yìn mí pé fún ẹni tó ti Kútọnu wá, Yorùbá mi dán mọ́rán. Bẹ́ẹ̀ Kútọnu tó ń wí, ẹni tó bá fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, màá sọnù ni. Inú bí mi títí ó fi sú mi. Nígbà tó yá, tí wọ́n bá pariwo "Kútọnu" láti òkè ilé tí à ń kọ́, èmi náà á dáhùn.

Iṣẹ́ táìsì ni mo ń ṣe. Nílé wa, kárò ni à ń pè é, nítorí Faransé ló jẹ gàba lé àwa lórí, Òyìnbó mìíràn ló mú tiwọn níbí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní kí wọ́n bá mi gbé kárò wá, àwọn bíríkìlà dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi. Àwọn ará Ìbàdàn gbà pé kò sí ẹni tó mọ táìsì í lẹ̀ bí àwa tí a ti òdìkejì bọ́dà wá, ìyẹn ni mo fi ń jẹun. Mo mọ ilé ìwẹ̀ àwọn ènìyàn ńlá ní Bódìjà ju bí mo ṣe mọ pálọ̀ wọn lọ. Tí ilé bá parí, tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, kì í sí ẹni tó ń rántí ẹni tó lẹ ilẹ̀ tí wọ́n ń jó lórí rẹ̀.

Àwọn ọjọ́ tó dùn wà níbẹ̀ náà o. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ takisí kan ní Challenge fẹ́ já mi sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí a jọ ṣàdéhùn. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú èébú Ìbàdàn pọ́nńbélé, èyí tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà. Awakọ̀ náà yíjú padà, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Mo sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó gba oyè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé yàrá mi, kò sí ẹni tí mo lè ròyìn rẹ̀ fún, mo sì tún jókòó sórí ibùsùn, mò ń wo ògiri.

Àgbowó ni yàrá náà wà, nínú ilé Màmá Dàpọ̀. Tíṣà ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló sì kún àwọn yàrá tó kù. Ìdí tí èmi àti Màmá fi mọwọ́ ara wa kò ju pé a jọ ń retí fóònù. Dàpọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sójà ni. Wọ́n gbé e lọ sí ìlà oòrùn àríwá Nàìjíríà, níbi tí ogun àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń jà láti ìgbà tí mi ò tíì mọ̀ pé n óò kúrò nílé. Akànní, àbúrò mi, náà wọṣẹ́ ológun ní orílẹ̀-èdè tiwa, wọ́n sì gbé e lọ sí òkè àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí irú àwọn ènìyàn kan náà ti ń yọ láti inú igbó. Ogun méjì ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá á gbé fóònù wọn sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi náà á gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tí àwọn ọmọ náà wà kò ṣe é gbọ́kàn lé, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ bẹ́ǹṣì náà ní bárékè. Tí fóònù Màmá bá dún, mo máa ń bá wọn yọ̀. Tó bá jẹ́ tèmi ló dún, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó kí àbúrò mi tán, wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹun.

*

Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí Màmá sí. Èmi, ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ti fi òróró sí mi lórí ní Kétu, òun náà ni mo sì wá kiri nígbà tí mo dé Ìbàdàn. Ibẹ̀ nìkan ni kò sí ẹni tó pè mí ní Kútọnu. Sùtánà funfun kan náà ni, ẹsẹ̀ lásán kan náà, tùràrí kan náà. Tí mo bá di ojú mi, mi ò mọ̀ bóyá ilé ni mo wà tàbí àjò.

Nígbà tí Dàpọ̀ ti pẹ́ díẹ̀ lójú ogun, Màmá wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àdúrà Áńgílíkà dára, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti tutù jù fún ohun tó wà níwájú àwọn. Wọ́n ní ṣé mo lè mú àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi. Báyìí ni obìnrin tó fi bàtà dúdú tó ń dán ṣe tíṣà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ sùtánà, tí ó ń fi ẹsẹ̀ lásán bá mi rìn kọjá níwájú géètì yunifásítì lọ sí Bódìjà. Àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn lójú ọ̀nà, wọ́n ń yọ́ ojú wo ẹsẹ̀ wọn. Màmá kò tiẹ̀ wò wọ́n. Wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi kí n tó lọ síwájú. Mo kórìíra ogun náà. Mi ò sọ pé kí wọ́n káwọ́ gbera kí àwọn apààyàn máa dúńbú wa. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀gá ń wá sórí rédíò, níbí àti nílé wa, wọ́n á ní ó ku díẹ̀ kí ogun parí. Díẹ̀ náà kò tán rí. Ọmọ mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń kó lọ pàdé ọmọ mẹ̀kúnnù nínú igbó, àwọn tó ń kó wọn lọ kò sì ní ọmọ kankan níbẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ ní bárékè. Màmá á ní kí n mú ẹnu kúrò níbẹ̀, sójà kì í yan ogun, ogun ló ń yan sójà. Ọ̀rọ̀ náà á tán síbẹ̀.

Ohun tó bà á jẹ́ ni ìpè kan tí Akànní pè mí nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀ lọ́nà tí mi ò mọ̀. Ó ní àwọn jà lánàá, àwọn sì borí. Ó ní nígbà tí àwọn ń wo òkú àwọn tí àwọn pa, àwọn rí télọ̀ níbẹ̀. Télọ̀ wo? Télọ̀ abúlé tí àwọn wà, ẹni tó ń bá wọn rán aṣọ ìjọba tó bá ya. Ó ti sọnù láti ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ńṣe ló lọ bá wọn tàbí wọ́n jí i gbé, tí wọ́n gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń ta omi fún wọn. Akànní ní obìnrin náà tún gbé omi wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò tíì gbọ́, àwọn sì ra omi náà, àwọn mu ún.

Mo jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì.

*

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni rédíò sọ pé wọ́n kọlu àgọ́ sójà kan ní àgbègbè tí Dàpọ̀ wà. Dàpọ̀ kò pè. Màmá kò jẹun. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, a lọ síbi àdúrà, Màmá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, èmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ẹni tí kì í ṣe Aládùúrà lè má mọ ohun tí àmín jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe ohun tí a fi ń parí àdúrà lásán. Ìdajì àdúrà ni. Ẹni tó ń gbàdúrà ń gbé ẹrù náà sókè ni, àwa la ó fi àmín gbà á. Ẹni tó bá dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n á ní ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀.

Wòlíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ọta ìbọn má rí Dàpọ̀, àmín tèmi ló lọ sókè jù. Ó ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má tẹ ohun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, mo ṣe àmín títí ọ̀fun fi ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ló yí ohùn padà. Ó ní gbogbo ìyá tó bí àwọn tó gbé ìbọn dojú kọ Dàpọ̀, kí wọ́n káwọ́ lérí sunkún, kí wọ́n má gbọ́ ohùn ọmọ nínú ilé wọn mọ́. Gbogbo ìjọ bú sí àmín, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ẹnu mi kò ṣí. Ìyá tó gbé omi wá ni mo ń rí. Wòlíì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún pa ẹnu mọ́.

Mo rò pé nínú ariwo yẹn, ta ni yóò mọ̀? Mo gbàgbé pé tíṣà ni Màmá. Ẹni tó ti fi ọdún gọbọi gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ka ìwé papọ̀ nínú kíláàsì mọ ohùn tí kò sí níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Màmá tó ń pè mí ní ọmọ mi pè mí ní sà. Ó dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá wọn ní bẹ́ǹṣì. Fóònù wọn nìkan ló wà níbẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí n jókòó.

"Kí ni Dàpọ̀ fi ṣe ọ́?"

Mo ní kò fi ohunkóhun ṣe mí. Mo ròyìn télọ̀ àti ìyá rẹ̀ fún wọn. Mo ní mo fẹ́ kí Dàpọ̀ padà bọ̀, mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, ogun náà ni mi ò fẹ́, mi ò sì lè bẹ Ọlọ́run pé kí ìyá kankan sunkún. Màmá gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Láràárọ̀ ni mò ń ṣe àmín fún Akànní. Mi ò bi ọ́ léèrè rí pé ta ló wà níwájú ìbọn rẹ̀."

Wọ́n ní kí n wá yàrá mìíràn.

*

Mo wá yàrá títí, mi ò rí. Mo dé Àpáta, mo dé Challenge. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí níbi gbogbo: ọmọ ibo ni ọ́? Tí mo bá sọ Kétu, wọ́n á ní Kétu tó wà l'Ékòó? Tí mo bá ṣàlàyé, ojú wọn á yí. Ẹnì kan ní òun kì í fún Àgànyìn nílé. Mi ò tilẹ̀ ń ṣe Àgànyìn. Lójú ọ̀nà, mo máa ń bá ara mi jà. Ní apá kan, mo ní mo ṣe ohun tó tọ́. Ní apá kejì, mo ní ta ni mí gan-an tí n óò fi máa yan àdúrà jẹ bí ẹni ń ṣa ẹja nínú ọbẹ̀? Obìnrin náà ní ọmọ kan. Ọmọ kan, kò sì mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Mo pe ìyá mi ní Kétu kí wọ́n lè gbè mí. Mo ro ẹjọ́ náà dáadáa, mo fi iyọ̀ sí i níbi tó yẹ. Ìyá mi ní, "Tí wọ́n bá gbàdúrà yẹn fún Akànní níṣojú mi, màá ṣe àmín. Má dá mi lẹ́jọ́." Wọ́n bi mí bóyá mo ti bẹ Màmá. Mo ní mi ò tíì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n máa ṣe pẹ̀lẹ́, wọ́n sì pa fóònù.

Dàpọ̀ pè níkẹyìn. Mo gbọ́ igbe ayọ̀ Màmá láti yàrá mi, mo sáré jáde, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti kó jọ. Màmá ń di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ra. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ọwọ́ wọn sọ̀kalẹ̀. Mo padà sínú yàrá, mo sunkún ayọ̀ tèmi níbẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fún Dàpọ̀ láyè pé kó wá sílé fún ìgbà díẹ̀. Mo ti ń retí ọkùnrin fìrìgbọ̀n, ẹni tó dé rù, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Àwọn aládùúgbò ń wá kí i, wọ́n ń bi í pé mélòó ló ti pa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá a ya fọ́tò. Kò lè jókòó. Á rìn dé géètì, á padà, á tún lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ní ṣé òun lè tẹ̀lé mi lọ síbi iṣẹ́, ilé ti sú òun.

Ilé kan ní Olúyọ̀lé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó bá mi po sìmẹ́ńtì, ó ń gbé táìsì fún mi títí a fi ṣe ògiri ilé ìwẹ̀ dé ìdajì. Ó wá ní, "Màmá ní o kò ṣe àmín fún mi."

Mo ní, "Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ má bínú." Mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe dé orí télọ̀, ó ń mi orí. Ó ní òun mọ̀, ó ní irú rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn náà. Ọkàn mi fò sókè pé mo rí ẹni tó gbè mí, ẹnu mi sì ṣáájú ọgbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀yin náà rí i pé ogun òfo ni. Gbogbo ẹ̀mí tó bá a lọ, òfo ni."

Dàpọ̀ gbé táìsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó lè fọ́ tí òun bá mí kanlẹ̀.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Terna, ará Bẹ́núè. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e. Ìyàwó rẹ̀ ṣì máa ń pè mí. Ṣé kí n sọ fún un pé òfo ni?"

Ojú tì mí gan-an. Mo ní kó má bínú, mo tún sọ pé kó má bínú.

"Bú ogun náà," ó wí. "Èmi gan-an máa ń bú u. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè orúkọ wa ná, kí o tó máa pè wá ní òfo."

Mo béèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Terna, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó sọ ẹni tó máa ń hanrun, ẹni tó máa ń jí ẹran nínú ọbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó ti ń ra ọjà ìgbéyàwó sílẹ̀. Mò ń lẹ táìsì, ó ń dárúkọ. A kò padà sílé títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mi ò yí ọkàn padà lórí ogun náà, ó tilẹ̀ wá bí mi nínú sí i. Ṣùgbọ́n mi ò tún lè sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹnu tó yá.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Dàpọ̀ ń padà, Màmá bu omi tútù sínú ife, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà láti súre fún un bí òbí ṣe ń súre fún ọmọ tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Èmi dúró sí ẹ̀yìn, mo fẹ́ dágbére fún un kí n sì lọ. Màmá yíjú sí mi.

"Wá gbàdúrà fún un. Èyí tí ìwọ lè ṣe àmín sí, òun ni kí o gbà. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Mo dárúkọ Dàpọ̀, mo ní kí Ọlọ́run dá a padà fún ìyá rẹ̀. Mo dárúkọ Akànní. Mo dárúkọ Terna àti àwọn tó kù bí Dàpọ̀ ṣe kà wọ́n fún mi, mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gbàgbé wọn, kó má sì fi ẹnikẹ́ni kún wọn. Àwọn méjèèjì ṣe àmín. Mo wá ní kó tu ìyá télọ̀ nínú. Mo ní gbogbo ọmọ tó wà nínú igbó pẹ̀lú ìbọn, kí wọ́n jù ú sílẹ̀ kí wọ́n sì gba ilé ìyá wọn lọ, kí Dàpọ̀ dé ọ̀hún kó má bá ẹnì kankan.

"Àmín," ni Dàpọ̀ wí.

Màmá kò ṣe àmín. Mo la ojú. Wọ́n mú ife náà lọ́wọ́, wọ́n ń wo omi inú rẹ̀. Wọ́n dà á sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, Dàpọ̀ tẹ omi náà kọjá, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. A dúró títí a kò fi rí i mọ́.

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ní kí n máa lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Ìyá télọ̀ yẹn," ni wọ́n wí, "kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe àmín fún ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀? Pe Akànní."

Mo pè é. Ó dún títí, mo rò pé kò ní gbé e. Ó gbé e, èémí rẹ̀ ń sáré, nítorí mi ò pè é ní àárọ̀ rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú?"

Mo ní kò sí ẹni tó kú. Mo ní orúkọ kan ni à ń wá.